Ta Ló Kọ́kọ́ Po Chapman?

Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú dáadáa ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, kò sí òde ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà tí ẹ ó dé tí ẹ kò ní bá ohun mímu pupa kan lábẹ́ kánópì. Inú ife gíga ni wọ́n máa ń bù ú sí. Yìnyín á wà nínú rẹ̀, kùkúmbà tí wọ́n gé pẹlẹbẹ á wà létí ife, ọsàn tí wọ́n là á máa léfòó lókè. Àwọn ọmọdé a máa mu ún, àwọn ìyá ìjọ a máa mu ún, àwọn ọ̀dọ́ a sì máa rọra yọ́ ọtí líle sí tiwọn. Chapman ni gbogbo wa ń pè é. Orúkọ òyìnbó ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè fún un ní ìlú Lọ́ńdọ́nù, àfi kí ẹ bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń ta oúnjẹ kí wọ́n tó mọ ohun tí ẹ ń wí.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gùn. Wọ́n ní ní ọdún 1938, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sam Alamutu ń ṣe iṣẹ́ agbọ́tí ní Ìkòyí, ní Èkó. Oníbàárà rẹ̀ kan, òyìnbó tó ń jẹ́ Chapman, sọ fún un pé àwọn ọtí tí òun ń mu lójoojúmọ́ ti sú òun, kó wá nǹkan mìíràn fún òun. Alamutu bá kó ohun tó wà nítòsí rẹ̀ pọ̀, ó pò wọ́n, ó gbé e fún un. Ó dùn mọ́ ọkùnrin náà, bí orúkọ rẹ̀ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Àwọn kan ní Ikoyi Club ló ti ṣẹlẹ̀, àwọn mìíràn ní Ikoyi Hotel ni.

Mo gba ìtàn yìí gbọ́ níbi tó ṣe kókó jù, pé ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà ló po ohun mímu yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ìtàn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tó wà níwájú wa lónìí.

Ẹni tó bá ń po Chapman báyìí, Fanta àti Sprite ló máa kọ́kọ́ rà. Fanta kò tíì sí láyé ní 1938. Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ní 1940, lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun ti dí ọ̀nà tí èròjà Coca-Cola ń gbà wọ orílẹ̀-èdè náà, Max Keith tó ń darí ilé iṣẹ́ wọn níbẹ̀ sì ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá rí nílẹ̀ ṣe ohun mímu mìíràn kí iṣẹ́ má baà dúró. Omi tó kù lára wàrà àti háhá èso ápù tí wọ́n ti fún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Fanta ọlọ́sàn tí àwa mọ̀ kò jáde títí di 1955, ní ìlú Naples ní Ítálì. Ti Sprite tún pẹ́ jùyẹn lọ: ọdún 1961 ni wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ọdún 1953 ni Nigerian Bottling Company bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Èbúté-Mẹ́ta, ìgò 7Up àkọ́kọ́ sì jáde ní Ìjọra lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960, ọjọ́ òmìnira gan-an.

Nítorí náà, kò sí bí Alamutu ṣe lè fi Fanta àti Sprite po ohunkóhun ní 1938. Yálà ọdún tí wọ́n ń dá nínú ìtàn náà kọ́ ni, tàbí kó jẹ́ pé ohun tó pò nígbà náà yàtọ̀ sí èyí tí à ń mu. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kí méjèèjì jẹ́ òótọ́. Ọdún 1938 ni wọ́n dá Ikoyi Club sílẹ̀, wọ́n sì so ọdún náà mọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà títí dòní. Kò ní yà mí lẹ́nu bó bá jẹ́ pé ara orúkọ ẹgbẹ́ yẹn ni àwọn asọ̀tàn ti mú ọdún tí wọ́n fún Chapman.

Ohun tó dá mi lójú ni irú ibi tí ẹgbẹ́ náà jẹ́ nígbà yẹn. Àwọn òyìnbó ló dá a sílẹ̀ fún fàájì ara wọn. Aláwọ̀ dúdú tó bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ ló gbé e débẹ̀: kúùkù, agbọ́tí, ẹni tó ń ṣa bọ́ọ̀lù. Bí a bá sì fẹ́ mọ ohun tí Alamutu rí lórí káńtà rẹ̀, àfi ká wo ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń mu nílé wọn.

Nígbà ooru ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun mímu kan wà tí wọ́n ń pè ní Pimm's. James Pimm, tó ń ta oúnjẹ ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ́nù, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlàjì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Jíìnì tí wọ́n po ewé àti èso mọ́ ni. Wọ́n máa ń da lẹmọnéèdì lé e lórí, wọ́n á gé ọsàn àti kùkúmbà sí i, wọ́n á kó yìnyín sí i, wọ́n á sì mu ún lórí pápá níbi tí wọ́n bá ti ń wo eré bọ́ọ̀lù krikẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo kùkúmbà tó wà nínú Chapman. Àwa Yorùbá kì í fi kùkúmbà sínú ohun mímu láyé àwọn bàbá wa. Mo gbà pé ara Pimm's ló ti wá, pé ohun tí àwọn òyìnbó ń mu nígbà ooru nílé ni Alamutu mọ̀ lọ́wọ́, òun ló sì tún pò ní ọ̀nà tirẹ̀.

Angostura ni ohun kejì tó fi ibi tí Chapman ti wá hàn. Ìgò kékeré ni, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn sì tóbi ju ìgò náà lọ. Johann Siegert, dókítà ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Simón Bolívar ní Venezuela, ló ṣe é ní 1824 gẹ́gẹ́ bí oògùn inú, ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Angostura nígbà náà. Trinidad ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Egbò àti ewé tí wọ́n rẹ sínú ọtí ni, bí àgbo tí àwọn ìyá wa ń rẹ sínú ògógóró. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa kán an sínú jíìnì kí òòyì ọkọ̀ ojú omi má baà máa kọ lù wọ́n. Ibi tí àwọn òyìnbó bá dé, wọ́n máa ń gbé e dání dé ibẹ̀. Bó ṣe dé Èkó nìyẹn, bó sì ṣe wọ inú ife Chapman. Òun ló ń fún un ní kíkorò díẹ̀ tó ń ṣẹ́gun ṣúgà. Èyí tí wọn kò bá fi í sí, omi dídùn lásán ni, ohun yòówù kí wọ́n máa pè é.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé kò sí ọtí nínú Chapman. Angostura fúnra rẹ̀ ní ọtí nínú tó tó ìdá 44.7 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ju ti ọ̀pọ̀ wísíkì lọ. Ìkán díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i lóòótọ́, kò lè pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gba ọtí rárá ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀, ẹni tó ń pò ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún un kó tó gbé ife fún un.

Pupa ara rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ilé ìtura ńlá a máa lo grenadine, omi ṣúgà tí wọ́n fi èso pomegranate ṣe. Nílé, Ribena, omi dídùn tí wọ́n fi èso ṣe, ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òun náà ti wá, ó sì bọ́ sọ́jà ní 1938, ọdún kan náà tí wọ́n ń dá fún Chapman. Nígbà ogun, tí ọsàn kò rí ọ̀nà wọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, ìjọba wọn ń fún àwọn ọmọdé ní Ribena lọ́fẹ̀ẹ́ kí ara wọn lè le. Àwa tí ọsàn ń bọ́ sílẹ̀ lóko wa, a wá ń ra èso tí kò hù nílẹ̀ wa rí láti fi pọ́n ohun mímu.

Bí Chapman ṣe kúrò ní Ìkòyí tó dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣòroó mọ̀. Àwọn ilé ìtura àti gbọ̀ngàn ìjọba ló gbé e. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ di olú ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó wá láti Ìbàdàn, ilé ìtura ń yọ, ohun tí wọ́n sì ń mu ní ìlú ńlá bá wọn wá. Lónìí, kò tún nílò ilé ìtura mọ́. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń pò ó sínú ike, wọ́n ń tà á níbi ìnáwó pẹ̀lú small chops. Ilé iṣẹ́ Coca-Cola pàápàá ti rọ tirẹ̀ sínú ìgò lábẹ́ orúkọ Schweppes.

Ẹni tó bá fẹ́ pò ó nílé fún èèyàn bíi mẹ́jọ, ohun tó máa wá nìyí: ìgò Fanta 50cl méjì, Sprite méjì tó ṣe déédéé wọn, ìdajì ife tíì Ribena tó ki, omi ọsàn wẹ́wẹ́ méjì, àti ṣíbí ìmutíì kan Angostura. Kó fi gbogbo wọn sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì. Èyí kì í ṣe àṣejù: ohun mímu tó tutù máa ń di afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mú, èyí tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbogbo híhó rẹ̀ á ti tán kó tó dé ẹnu. Ribena, omi ọsàn àti Angostura ni yóò kọ́kọ́ wọ inú jọ́ọ̀gì, kó rò wọ́n pọ̀. Fanta àti Sprite ló máa dà sí i kẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti etí jọ́ọ̀gì, kó má sì rò ó mọ́. Kó wá kó yìnyín, kùkúmbà àti ọsàn sí i.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé ká dín Ribena kù, ká fi èso ilẹ̀ wa dí i. Ọ̀pẹ̀yìnbó tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ bá a mu. Agbálùmọ̀, tó máa ń kún ọjà láti oṣù Kejìlá, dára ju lẹ́mọ̀nù tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun lọ: kíkan rẹ̀ pẹ́ lẹ́nu, ó sì máa ń wà ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ lásìkò tí àríyá pọ̀ jù. Ẹ bọ́ èèpo rẹ̀, ẹ yọ kóró, ẹ jẹ́ kó rẹ sínú omi ọsàn fún wákàtí kan.

Ní ti ọtí líle, àgbàlagbà tó bá fẹ́ lè fi tọ́ọ̀tì wísíkì kan sí ife tirẹ̀, kì í ṣe sí jọ́ọ̀gì. Jọ́ọ̀gì tí ọmọdé ń bù nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rí ọtí. Wísíkì bá Chapman mu ju jíìnì lọ, nítorí òórùn igi tó wà lára rẹ̀ ń bá Angostura ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yẹ kó ṣọ́ra nípa ohun tó ń dà sínú ife tó àwa ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lójijì. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á fọ́, wọ́n á dákú, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ wọ́n ti lọ. Ó ju èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tó bá a lọ. Àwọn kan ní òrìṣà Málókun ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan, ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers pẹ̀lú, ní oṣù Kẹfà ọdún náà ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de ògógóró. Ahọ́n kò lè dá mẹ́tánọ́ọ̀lù mọ̀ nínú ọtí, pàápàá tí ohun dídùn bá ti bò ó. Nítorí náà, ọtí tí ẹ kò mọ ẹni tó ṣe é, tàbí tí ìdérí rẹ̀ ti ṣí kó tó dé ọwọ́ yín, ẹ má ṣe dà á sínú Chapman, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ohun kan ló kù tó ń dùn mí. Orúkọ oníbàárà ló wà lórí ohun mímu yìí, orúkọ agbọ́tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ṣiṣẹ́ agbọ́tí àti kúùkù fún àwọn òyìnbó láyé ìgbà náà, ohun tí wọ́n mọ̀ sì ń bá wọn lọ. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá àgbà yín ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ fún yín sílẹ̀, ẹ wá fọ́tò wọn jáde. Ẹ̀yin onílé ìtura ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ tẹ ìwé oúnjẹ yín, ẹ kọ orúkọ Sam Alamutu sábẹ́ Chapman.