Cardan Iwájú Ọkọ̀ 4x4: Iṣẹ́ Tí A Lè Ṣe Nínú Àgbàlá Wa

Ẹni tí ó bá dúró ní oríta Ouando ní òwúrọ̀ yóò rí i bí ọkọ̀ 4x4 ti pọ̀ tó lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Sakété, Pobè àti Kétu. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe tuntun. Èbúté Kútọnu ni wọ́n gbà wọlé, lẹ́yìn tí àwọn ará Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà ti lò wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dọ̀ wa, ẹrù wúwo, iyanrìn, erùpẹ̀ pupa àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ń bá pàdé. Ọ̀kan nínú ibi tí ìyà náà ti ń tètè hàn ni ọ̀pá irin méjì tí ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ iwájú, èyí tí àwọn mẹkaníìkì wa ń pè ní cardan. A fẹ́ sọ bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti ń kú, bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ nílé, àti ibi tí ó yẹ kí a ti dáwọ́ dúró kí a ké sí ọ̀gá.

Orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀

Orúkọ náà wá láti ọ̀dọ̀ Gerolamo Cardano, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì tí ó gbé ayé láti ọdún 1501 sí 1576. Ṣùgbọ́n oríkèé tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní jẹ́ iṣẹ́ Alfred Rzeppa, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ó fi bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà sínú ihò tí a gbẹ́ fún wọn, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè máa yí déédéé bí awakọ̀ tilẹ̀ ń yà sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Oríkèé méjì ni cardan kọ̀ọ̀kan ní. Ọ̀kan wà nítòsí pont, àpótí irin tí ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sí ẹsẹ̀ méjèèjì. Èkejì wà nídìí ẹsẹ̀. Gírísì kún inú wọn, rọ́bà oníṣẹ́po tí a ń pè ní soufflet sì bò wọ́n. Rọ́bà yìí gan-an ni ẹ̀mí cardan. Bí ó bá ya, gírísì yóò fọ́n dànù, iyanrìn àti omi yóò wọlé, irin yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Ẹni tí ó bá tètè pààrọ̀ soufflet lè má ra cardan rárá.

Àmì tí ó yẹ kí a mọ̀

Bí a bá rí gírísì tí ó ta sí inú ẹsẹ̀ iwájú, rọ́bà ti ya, ṣùgbọ́n irin lè má tíì bàjẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń dún tàkà-tàkà nígbà tí a yà dé òpin, oríkèé ìdí ẹsẹ̀ ti jẹ. Bí ó bá sì ń gbọ̀n nígbà tí a tẹ iná lójú ọ̀nà tí ó tọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ oríkèé tòsí pont.

Kì í ṣe gbogbo 4x4 ni iṣẹ́ yìí rọrùn lára rẹ̀. Lára ọkọ̀ bíi Toyota RAV4, ojú ń rí cardan láti ìta. Lára Land Cruiser 70, inú ọ̀pá líle kan ni ó fara pamọ́ sí, a sì ní láti tú ìdí ẹsẹ̀ palẹ̀ kí a tó dé ibẹ̀. Irú èyí, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún ọ̀gá.

Ìlànà iṣẹ́ náà

Ilẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́. Iyanrìn pọ̀ nínú àgbàlá wa, jáàkì a sì máa rì sínú rẹ̀ lójijì. Orí ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni kí a gbé ọkọ̀ sí. Kí a fi òkúta dí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹnì kejì tẹ bíréékì, kí a sì dẹ nọ́ọ̀tì ńlá àárín ẹsẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé ọkọ̀ sókè, tí a ó sì fi chandelle irin gbé e dúró. Jáàkì wà fún gbígbé, kò wà fún dídúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé ró, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan. Búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé kì í ṣe àrọ́pò chandelle, nítorí ó lè fọ́ láìṣe ìkìlọ̀.

A ó yọ táyà àti nọ́ọ̀tì ńlá náà. Bí wáyà ABS bá wà níbẹ̀, a ó tú u kí ó má bàa já. A ó tú rotule ìsàlẹ̀, kí ìdí ẹsẹ̀ lè ṣí síta. Bí a bá tú bíréékì, okùn ni kí a fi so ó rọ̀, kí ó má ṣe fi okùn rọ́bà omi rẹ̀ rọ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó ti orí cardan wọ inú. Bí ó bá ṣe agídí, kí a gbé igi líle lé e kí a tó lù ú, nítorí òòlù a máa ba eyín orí rẹ̀ jẹ́.

Ní ìhà pont, kí abọ́ wà nílẹ̀ de epo. Irin gígùn ni a fi ń gbọ̀n oríkèé náà jáde. A kò gbọdọ̀ di ọ̀pá àárín mú kí a máa fà á, nítorí oríkèé lè tú, kí ìdajì rẹ̀ sì kù sínú pont.

Kí cardan tuntun tó wọlé, a ó tẹ́ ẹ ti ògbólógbòó: ṣé gígùn wọn dọ́gba, ṣé iye eyín wọn dọ́gba, ṣé òrùka ABS wà lára méjèèjì? A ó fi joint spi tuntun sí ẹnu pont, nítorí òun ni ó ń dá epo dúró. A ó ti cardan wọlé títí a ó fi gbọ́ pé ó kọ́, a ó sì rọra fa oríkèé náà wò bóyá kò ní jáde.

A ó dá gbogbo nǹkan padà, a ó sì lo nọ́ọ̀tì ńlá tuntun. Kí a dì í díẹ̀ kí ọkọ̀ tó kanlẹ̀. Nígbà tí ó bá kanlẹ̀, kí a fi clé dynamométrique dì í dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Nọ́ọ̀tì tí ó dẹ̀ ń pa roulement, ó sì lè sọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ nù lójú ọ̀nà. A ó fi epo kún pont, a ó rọra wa ọkọ̀ káàkiri àdúgbò, a ó sì tún àwọn nọ́ọ̀tì táyà yẹ̀ wò. Epo ògbólógbòó kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà, nítorí ọ̀sà Àjàṣẹ́ ni òjò yóò gbé e lọ.

Bí nọ́ọ̀tì bá kọ̀ láti tú, bí roulement bá ń dún, tàbí bí apá irin kan bá ti tẹ̀, ibẹ̀ ni kí a ti dáwọ́ dúró. Kíké sí ọ̀gá kì í ṣe ìtìjú.

Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́

Ouando kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀kọ́ tí a ń fi ọwọ́ kọ́. Níhìn-ín ni àlùfáà Godfrey Nzamujo ti dá Centre Songhaï sílẹ̀ ní ọdún 1985, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ oko nípa ṣíṣe é. Ẹ̀kọ́ kan náà wà nínú àgbàlá yín. Ẹ má tètè ju cardan tí ó ti kú nù. Ẹ gé rọ́bà rẹ̀, ẹ nu gírísì rẹ̀ kúrò, ẹ ka àwọn bọ́ọ̀lù inú rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka kan ibi tí iyanrìn ti jẹ. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan ibẹ̀ kò ní rí soufflet tí ó ya, kí ó sì kọjá lọ.