Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń wúkọ́: kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀?

Ẹ̀yin ará wa ní Sabon Gari, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ la gbé wá lónìí. Ẹ̀yin Mùsùlùmí àárín wa, ẹ má bínú sí wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti fi sin ẹlẹ́dẹ̀, àwọn mìíràn sì ń ta ẹran rẹ̀. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá kú, owó ló kú.

A kò tíì gbàgbé ọdún 2020, nígbà tí African swine fever jà ní ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Aró, ní ààlà Èkó àti Ògùn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ìyẹn, kò sì ní oògùn. Láti ìgbà náà, bí ẹlẹ́dẹ̀ bá ti wúkọ́ báyìí, ojora á mú olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ikọ́ ni tirẹ̀. Kòkòrò bakitéríà kan wà tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ kárí ayé. Actinobacillus pleuropneumoniae lorúkọ rẹ̀ (orúkọ ọ̀hún gùn ju ìrù ẹlẹ́dẹ̀ lọ!). Ara ẹran á gbóná, kò ní jẹun, ẹnu ni yóò máa fi mí, itọ́ tó ń hó tó sì lẹ́jẹ̀ nínú lè máa jáde. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó lè kú.

Májèlé tí bakitéríà yìí ń tú jáde máa ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara. Ara náà kì í káwọ́ gbera. Àwọn jíìnì tí ẹlẹ́dẹ̀ jogún lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀ ló ń pàṣẹ pé kí ogun bẹ̀rẹ̀. Ní 2009, àwọn onímọ̀ ní Denmark, níbi tí ẹlẹ́dẹ̀ ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi bakitéríà yìí sí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ lára, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn wákàtí 14 sí 18. Jíìnì tó ń ṣe purotéènì ìdáàbòbò ti ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan, kì í ṣe nínú ẹ̀dọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ní àwọn ẹ̀yà ara mìíràn pẹ̀lú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ara ti gbọ́ ìró ogun.

Ogun ọ̀hún a sì máa ba ilé jẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó rọ́ dé ń tú ohun tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀. Nítorí náà ni oògùn fi gbọ́dọ̀ tètè dé. Apakòkòrò lè ran ẹran yìí lọ́wọ́. Kò lè ṣe nǹkan kan fún ti Òkè-Aró. Dókítà ẹranko ló lè mọ ìyàtọ̀. Àwọn tó ń ra abẹ́rẹ́ èyíkéyìí ní ìsọ̀, tí wọ́n ń gún gbogbo ọgbà, tí wọ́n sì ń pa ẹran náà tà lọ́jọ́ kejì, a kò fara mọ́ ìyẹn rárá.

Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá sàn ṣì lè gbé kòkòrò náà sí ọ̀fun, kó máa kó o ran ẹlòmíràn. Ẹ ya èyí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ọyẹ́ bá sì dé, ẹ má fi ọ̀rá dí gbogbo ojú fèrèsé ọgbà. Òórùn ìtọ̀ tó há mọ́ inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.