Òkúta àti Omi ní Ẹlẹ́yẹlé

Ní alẹ́ oṣù kẹta, nígbà tí ooru bá mú tí oorun kò sì kun ènìyàn, ẹni tí ó bá rìn dé etí adágún Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn yóò rí ohun tí ó tó wò. Omi tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ òṣùpá, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké, ewé tí ń léfòó sì bo apá kan rẹ̀. Bí ó bá ti ọwọ́ bọ omi, yóò bá a ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí pé omi a máa pẹ́ kí ó tó gbóná, a sì máa pẹ́ kí ó tó tutù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó dá adágún náà. Odò Ọ̀nà ni a sé ní ọdún 1942 kí àwọn ará ìlú lè rí omi mu.

Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn odò Li ní Guilin, ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí àwọn òkè ṣóńṣó dúró létí omi, lè rò pé irú òkúta kan náà ni ó wà níhìn-ín. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òkúta ẹfun ni àwọn òkè Guilin. Kí a má ṣe ṣì í mú fún ẹfun tí àwọn olórìṣà ń lò, nítorí pé amọ̀ funfun ni ìyẹn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí òjò ti ń rọ̀, ó ń gba atẹ́gùn kan láti ojú ọ̀run àti láti inú ilẹ̀, èyí tí ń mú omi kan díẹ̀. Omi kíkan yìí ni ó ń jẹ òkúta ẹfun. Ó ń la á, ó ń gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, títí odò mìíràn fi lè wọlẹ̀ níbì kan kí ó sì yọ níbòmíràn.

Irú òkúta yìí wà nítòsí wa ní Ewékorò, láàárín Abẹ́òkúta àti Èkó. Ìkarahun àti egungun ohun ẹlẹ́mìí inú òkun ni ó di òkúta níbẹ̀ ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Láti ọdún 1960 ni a ti ń fi ṣe sìmẹ́ńtì.

Òkúta Ìbàdàn yàtọ̀. Gneiss àti quartzite ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Quartzite ni ó gbé Òkè Mápó ró. Ọjọ́ orí wọn ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ, iná inú ilẹ̀ àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni ó sì sọ wọ́n di líle. Bí a bá fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí òkúta ẹfun, yóò hó díẹ̀. Bí a bá fún un sórí òkúta Ẹlẹ́yẹlé, kò ní hó. Kò sí ihò ńlá tí omi lè gbà sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó bo òkúta náà lórí ni ó ń mu omi òjò. Èyí tí ilẹ̀ kò bá mu, odò ni yóò gbà á.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ní 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àwọn odò Ìbàdàn tún kún bo etí, Ọ̀nà sì wà lára wọn. Ẹni tí ó kú ju 100 lọ. Òjò ńlá ni ó fà á, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi, ìdọ̀tí tí a dà sódò, àti ilẹ̀ tí a tẹ́ sìmẹ́ńtì bò dá kún un.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: òkúta ẹfun tí omi ń jẹ níbòmíràn, nígbà tí a bá sọ ọ́ di sìmẹ́ńtì tí a gbé e wá sí Ìbàdàn, òun gan-an ni ó ń dí ẹnu ilẹ̀ kí omi má baà rí ibi wọ̀. Ẹni tí ó fi apá kan àgbàlá rẹ̀ sílẹ̀ fún koríko àti igi ti ran odò lọ́wọ́, ó sì ti ran aládùúgbò rẹ̀ tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́.

Nítorí náà, ó dára kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Ẹlẹ́yẹlé ní ọ̀sán, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá mọ irú òkúta tí ìlú rẹ̀ dúró lé lórí yóò mọ ibi tí omi yóò gbà nígbà tí òjò bá dé.