BÍ A ṢE Ń MÚ IGI ÌLÙ DÙNDÚN DÁN

Ìlapa èrò
(i) Ìfáárà: ìdí tí igi ìlù fi gbọ́dọ̀ dán
(ii) Gbígbẹ́ igi àti sísá a
(iii) Híha igi títí yóò fi jọ̀lọ̀
(iv) Ìtọ́jú etí ìlù
(v) Fífi òróró pa igi
(vi) Ìkádìí

Nígbà tí wọ́n fi Ọba Rashidi Ládọjà jẹ Olúbàdàn ní Gbọ̀ngàn Mápó ní ọjọ́ 26, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, ìlù kò gbẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó máa ń rí ní Ọjà Ọba, ní ẹsẹ̀ òkè Mápó, nígbàkúùgbà tí àríyá bá wà. Ọwọ́ onílù ni àwọn ènìyàn máa ń yìn. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni rántí igi tí ó gbé awọ ìlù ró. Ṣùgbọ́n bí igi náà kò bá dán dáadáa, awọ lè ya mọ́ onílù lọ́wọ́ kí òde tó tú. Nítorí náà, má ṣe rò pé nítorí ẹwà nìkan ni a fi ń mú igi ìlù dán.

Igi apá tàbí igi ọ̀mọ̀ ni a sábà máa ń lò. Àwọn àgbà àyàn a máa sọ pé èyí tí ó hù lẹ́bàá ọ̀nà ni ó dára jù, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ohùn ènìyàn. Nígbà tí igi bá ṣì tutù ni kí o gbẹ́ ẹ, nítorí pé ó rọ̀ nígbà náà. Yóò dà bí ife méjì tí a fi ìdí wọn so pọ̀, ihò yóò sì là á já. Lẹ́yìn èyí, gbé e sí ibòji. Bí o bá sá a sí oòrùn, ara rẹ̀ yóò gbẹ kí inú rẹ̀ tó gbẹ, yóò sì là. Nígbà tí ó bá fúyẹ́, tí o kàn án tí ó dún gbọnrangandan, ó ti gbẹ.

Iṣẹ́ híha ni ó kàn. Láyé àtijọ́, ewé ìpín, tí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ni àwọn agbẹ́gi fi ń ha igi. Sáńpépà ni ọ̀pọ̀ ń lò nísinsìnyí. Wo nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀: bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni sáńpépà ṣe kúnná tó. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 80, bọ́ sí 120, kí o sì fi 220 parí rẹ̀. Bí ìlà ara igi bá ṣe lọ ni kí ọwọ́ rẹ máa lọ. Bí o bá ha á ní ìbú, àpá yóò hàn. Lẹ́yìn náà, fi àkísà tútù nu ún. Irun igi tí ó sùn yóò dìde. Jẹ́ kí ó gbẹ, kí o tún fi sáńpépà kíkúnná fọwọ́ bà á díẹ̀.

Etí ìlù ni kí o tọ́jú jù. Nígbà tí onílù bá fún ọsán ìlù mọ́ra kí ohùn lè lọ sókè, awọ a máa wọ́ lórí etí igi. Nígbà tí ó bá dẹ̀ ẹ́, awọ a padà. Báyìí ni yóò máa ṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí etí náà bá mú, tàbí tí ẹ̀rún igi bá wà níbẹ̀, yóò gé awọ. Fá a kí ó rí róbótó, kí o sì fi ìka rẹ yí i ká. Ojú lè tàn ọ́, ṣùgbọ́n ìka kì í parọ́.

Ní ìparí, fi òrí tàbí òróró díẹ̀ pa igi náà, nínú àti lóde, kí o sì nu èyí tí ó bá ṣẹ́kù kúrò. Igi tí a kò fi nǹkan pa a máa mu omi. Àwọn tí ń ṣe hamóníkà, fèrè kékeré tí Matthias Hohner bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Trossingen ní Jámánì ní ọdún 1857, mọ ìṣòro yìí. Igi tí a gbẹ́ bí òòyà ni ó wà láàárín ọ̀pọ̀ nínú fèrè náà. Bí itọ́ bá wọ inú rẹ̀, igi a wú, eyín òòyà a sì yọ síta, a máa ha ètè. Nítorí náà ni àwọn tí ń tún un ṣe fi ń ha á dán, tí wọ́n sì ń fi ìda oyin tàbí òróró pa á. Ohun tí itọ́ ń ṣe fún fèrè ni òógùn àti òjò lè ṣe fún ìlù.

O rí i báyìí pé ibi tí awọ bò, tí ojú kò tó, ni iṣẹ́ náà ti ṣe pàtàkì jù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí o bá fi sùúrù mú igi dán, awọ yóò pẹ́ lórí rẹ̀, ojú kò sì ní ti onílù láwùjọ.