Èèkàn Inú Àgbọ̀n: Gbígba Àpẹẹrẹ Ẹnu fún Eyín Àtọwọ́dá

Eyín tí a kò lè fi jẹ ẹran, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Àgbàlagbà tí ó wọ mọ́tò láti Ẹdúnàbọ̀n lọ sí Ilé-Ifẹ̀ láti ṣe eyín àtọwọ́dá kò wá ọ̀ṣọ́ lọ. Oúnjẹ ni ó ń wá, àti ọ̀rọ̀ tí yóò já gaara lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, inú ife omi ni eyín náà ń parí sí: bí àlejò bá dé, wọn a tì í sẹ́nu, bí oúnjẹ bá dé, wọn a yọ ọ́. Ti òkè kì í dani láàmú tó bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ti ìsàlẹ̀ ni ìyọnu. Ahọ́n ń tì í láti inú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè ń tì í láti ìta, egungun tí ó jókòó lé sì ń joro díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí eyín àbínibí ti ká.

Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ta sí i ni ti èèkàn. Bí a ti ń so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn kí ó má baà ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ri èèkàn tàìténíọ̀mù mọ́ egungun àgbọ̀n, tí wọ́n sì ń so eyín àtọwọ́dá mọ́ ọn. Per-Ingvar Brånemark, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Sweden, ni ó ṣàkíyèsí ní 1952, níbi tí ó ti ń wádìí egungun ehoro, pé egungun ti di tàìténíọ̀mù mú débi pé kò ṣe é yọ mọ́. Ní 1965 ni ó fi tọ́jú aláìsàn àkọ́kọ́ ní Gothenburg, ṣùgbọ́n iyàn pọ̀ lórí rẹ̀ títí di ìpàdé Toronto ní 1982. Ní 2002, àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó péjọ sí Yunifásítì McGill ní Kánádà fẹnu kò pé ẹni tí kò ní eyín kankan ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, eyín àtọwọ́dá orí èèkàn méjì ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò fún un.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ríri èèkàn ni olórí iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń ṣe eyín ní yàrá iṣẹ́ kì í sábà rí ẹnu aláìsàn. Ère ẹnu tí wọ́n fi POP rọ láti inú àpẹẹrẹ tí oníṣègùn gbà ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Irú ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí Ilé-Ifẹ̀. Àwọn tí ó rọ àwọn ère orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 fi ìda ṣe àwòṣe, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n yọ́ ìda náà dànù, wọ́n sì da irin yíyọ́ sí ipò rẹ̀. Ohun tí ó bá yẹ̀ nínú amọ̀ ni irin yóò gbé jáde, kò sì sí ẹni tí yóò bá irin wí.

Ìnira ibẹ̀ ni pé ohun méjì tí ìwà wọn kò jọra ni wọ́n ń gbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Erìgì rọ̀, bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò lọ sílẹ̀, yóò sì padà. Eyín àbínibí pàápàá ní awọ tínínrín tí ó gbé e ró, tí ó fi lè mì díẹ̀. Èèkàn tí egungun ti dì mú kì í lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 3 sí 5 nínú ìdá 1,000 mìlímítà kan. Àṣìṣe tí erìgì gbà mọ́ra, èèkàn kò ní gbà á.

Nítorí èyí ni ìyẹ̀fun tí wọ́n ń mú láti ara ewéko inú òkun, tí wọ́n ń pò mọ́ omi, kò fi tó fún iṣẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ dínwó tí ó sì wọ́pọ̀. Omi inú rẹ̀ ń gbẹ kíákíá, ó sì ń súnkì. Ó rọ̀ jù láti di irin mú. Oríṣi rọ́bà méjì, silicone àti polyether, ni wọ́n ń lò.

Ọ̀nà méjì ni ó gbajúmọ̀. Fún méjèèjì, wọn yóò kọ́kọ́ fi bóòtù de ọ̀pá irin kékeré mọ́ orí èèkàn kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀pá náà lè sọ ibi tí èèkàn wà àti ibi tí ó kọjú sí. Nínú ọ̀nà abọ́ aláìníhò, wọn yóò fi rọ́bà sínú abọ́, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ bo ọ̀pá àti erìgì. Bí rọ́bà bá le, abọ́ yóò jáde, ọ̀pá yóò kù sẹ́nu. Wọn yóò wá tú ọ̀pá, wọn yóò fi èèkàn àfarawé sí ìdí rẹ̀, wọn yóò sì dá a padà sí ojú rẹ̀ nínú rọ́bà. Níbi ìdápadà yìí ni ewu wà: bí ó bá yí díẹ̀, tàbí tí kò wọlé tán, ojú lásán kò ní rí i.

Nínú ọ̀nà abọ́ oníhò, orí bóòtù gígùn ń yọ jáde láti inú ihò tí wọ́n lu sí abọ́. Bí rọ́bà bá le, láti ojú ihò yẹn ni wọn yóò ti tú bóòtù, ọ̀pá yóò sì bá rọ́bà jáde. Kò sí ohun tí wọ́n ń dá padà. Bí èèkàn bá tó mẹ́rin, tàbí tí wọ́n dà sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀nà yìí ni ó dájú jù. Fún èèkàn méjì tí ó dúró ṣánṣán, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. Àgbà tí kò lè yanu tóbi, abọ́ aláìníhò sì ni yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Oníṣègùn tí ń fi ọ̀nà kan ṣoṣo bá gbogbo ẹnu lò, ọ̀nà ni ó mọ̀, kò mọ ẹnu.

Kí rọ́bà tó le, aláìsàn kò gbọdọ̀ jókòó bí ère. Yóò yọ ahọ́n, yóò ṣu ètè jọ, yóò sọ̀rọ̀, kí etí eyín náà má baà gùn dé ibi tí ẹran ẹnu ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Àwọn olùkọ́ èdè mọ ìdí rẹ̀. Ètè ìsàlẹ̀ ń kan eyín òkè kí ìró f tó jáde. Ẹni tí kò ní eyín òkè kò lè pe Ifẹ̀ kí ó já gaara. Ìró s náà ń fẹ́ kí ahọ́n ní àyè tirẹ̀.

Lóde òní, àwọn kan ń fi kámẹ́rà kékeré ya ẹnu dípò rọ́bà. Ó dára fún ẹni tí eyín rẹ̀ ṣì pọ̀. Erìgì tí ó ń dán, tí itọ́ bò, kò fún kámẹ́rà ní àmì púpọ̀ tí yóò dì mú.

Òkèèrè ni wọ́n ti ń kó èèkàn wá, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Yunifásítì Ifẹ̀, tí wọ́n sọ lórúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, ń kọ́ àwọn oníṣègùn eyín. Ó yẹ kí gbogbo wọn mọ ìdánwò kan tí kò náni lówó. Níbi tí wọ́n bá ti fi irin gbọọrọ kan so àwọn èèkàn pọ̀ kí eyín lè há mọ́ ọn, kí wọ́n di bóòtù ìhà kan nìkan, kí wọ́n sì wo ìhà kejì. Bí ibẹ̀ bá gbéra, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kí wọ́n má fi agbára dì í. Wọn yóò gé irin náà, wọn yóò tún un so, tàbí kí wọ́n gba àpẹẹrẹ mìíràn. Ará Ẹdúnàbọ̀n yóò sì tún wọ mọ́tò.