Síìlì Kékeré Tó Ń Ba Bíréèkì Katakata Jẹ́

Bí bíréèkì katakata àtijọ́ kò bá mú mọ́, láínì tuntun ni ọ̀pọ̀ oníkatakata máa ń sáré rà. Kì í pẹ́ tí pẹ́dàlì á tún máa wọlẹ̀ lásán. Láínì kọ́ ló fà á. Ọ́ìlì ló ń jò sí i lára.

Àpẹẹrẹ kan ni Massey Ferguson 135 tó jáde ní 1964. Gíá rẹ̀ àti ọ̀pá tó ń yí táyà ẹ̀yìn, ọ́ìlì kan náà ni wọ́n ń mu. Ìdí táyà ni bíréèkì wà. Síìlì, òrùka rọ́bà tí ẹnu rẹ̀ fún mọ́ ọ̀pá náà, ló ń dá ọ́ìlì dúró. Bó bá gbó, tàbí tí wọ́n bá rọ ọ́ìlì kọjá ìwọ̀n, láínì á mu ọ́ìlì yó.

Yorùbá tó ti Èjìgbò dé Abidjan ní Côte d'Ivoire, tó ń wá síìlì ní Adjamé níbẹ̀, “joint spi” ni kó bèèrè, bí wọ́n ti ń pè é ní Faransé. Kó mú ti àtijọ́ dání, torí èyí tó kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu á tún jò ni.

Iṣẹ́ gan-an nìyí. Mẹkáníìkì á gbé ẹ̀yìn katakata sókè, á fi igi tó le tì í lábẹ́, torí jáàkì nìkan kò ṣeé gbọ́kàn lé. Á tú táyà àti dúróọ̀mù, á sì fa ọ̀pá jáde. Kó tó fi síìlì tuntun sí i, á fi èékánná ra ojú ọ̀pá níbi tí rọ́bà ti ń kàn án. Bí èékánná bá há sí ojú ibi tí síìlì àtijọ́ ti gbẹ́, tuntun náà kò ní pẹ́ jò.

Láínì tó ti mu ọ́ìlì, kí wọ́n sọ ọ́ nù. Àwọn kan máa ń fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bó bá gbóná, ọ́ìlì inú rẹ̀ á tún rú jáde. Eruku rẹ̀ ló léwu jù: asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ láínì ayé ọjọ́un, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ tútù ni kí wọ́n fi nù ún. Kí ẹnikẹ́ni má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ.

Pẹ́dàlì méjì ni katakata yìí ní, ọ̀kan fún táyà kọ̀ọ̀kan. Nínú oko, títẹ ọ̀kan ń jẹ́ kó lè yí ní ibi tóóró. Lójú títì, wọ́n gbọ́dọ̀ so méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀tún bá wá mú ju òsì lọ, katakata á ṣẹ́rí lójijì, ó sì lè dojú dé. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ fi ń pààrọ̀ láínì ọ̀tún àti òsì pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ló jò.