Ọgbọ́n Tí Wọ́n Ń Dá sí Olè Sinimá

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń dunni tí olè bá jí ọjà lórí àtẹ. Ọjà tàwọn òṣèré ni sinimá. Ẹnì kan á gbé fóònù wọ ilé sinimá, á ká fíìmù sílẹ̀, á fi í sórí Telegram. Kó tó pẹ́, ọmọkùnrin tó ń fi orin sí mẹ́mórì káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ti ń tà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòní. Àwọn àgbà inú wa á rántí ìgbà Hubert Ogunde àti Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love. Wọn kì í fi sinimá wọn lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Àwọn fúnra wọn ló ń gbé e láti ìlú dé ìlú, wọ́n á fi hàn ní gbọ̀ngàn, wọ́n á gbowó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì gbé e padà sínú mọ́tò. Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá, ló kó sọ́wọ́ wọn. Ó yáwó ṣe Ọ̀run Móoru lọ́dún 1982. Kó tó jèrè ẹ̀, ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì fídíò ti gba ìgboro, gbèsè ló kù sí i lọ́rùn.

Òfin wà o. Èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lóṣù kẹta ọdún 2023 fún olóhun láṣẹ pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ òun kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ níbí, á tún yọjú lọ́hùn-ún, bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń lé nídìí ẹ̀gẹ́.

Ọgbọ́n tó wù mí jù ni èyí tí YouTube bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007, tí wọ́n ń pè ní Content ID. Olóhun á fi ojúlówó fíìmù sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀rọ á wá máa fi í wé gbogbo ohun táwọn èèyàn ń gbé síbẹ̀. Tó bá rí ayédèrú, olóhun lè ní kí wọ́n tì í pa. Ó sì lè ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí owó ìpolówó orí ẹ̀ máa bọ́ sápò òun. Ẹ ò rí nǹkan? Olè ru ẹrù dọ́jà, olóhun ló gbowó! Wọn kì í fún gbogbo èèyàn ṣá, ọ̀pọ̀ ló ń gba ọwọ́ alágbàtà.

Ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá náà ti ń gbé fíìmù wọn síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ìpolówó ló ń sanwó. Ta ló fẹ́ ra ayédèrú ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́? Owó data nìkan ló kù.

Ibi tó ṣì le ni ti fíìmù ńlá. Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, ṣe, ìtàn Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ ni. Netflix ló gbé e jáde lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó l'Ákẹ̀sán ló ń san owó oṣù Netflix? Lójú tèmi, ibi tí olóhun ò bá gbé ọjà dé, olè á gbé e dé. Bí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn l'Ọ́yọ̀ọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ bíi ti Ogunde, lówó tápá wa ká, a ó lọ wò ó.

Ní tiwa, kí ẹ tó wo fíìmù lórí YouTube, ẹ wo orúkọ abẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ ti òṣèré tàbí iléeṣẹ́ tó ṣe é, ẹ jókòó wò ó, ẹ má sì yára fo ìpolówó, torí ibẹ̀ lowó wọn wà.